Orin àti Fọ́tò Inú Fóònù Wa: Bí A Ṣe Lè Kó Wọn Sínú Kọ̀ǹpútà Kí Wọ́n Má Bàa Sọnù

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ló ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé yìí nípa iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Sabon Gari níbí. Ohun tí àwọn èèyàn wa sì máa ń bá wá sí ṣọ́ọ̀bù jù ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó fọ́tò inú fóònù mi," tàbí "Ẹ bá mi fi orin sí fóònù yìí." Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà kan, inú álíbọ́ọ̀mù ni fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ wà, nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lónìí, fọ́tò, orin, ohùn ìyá wa tó ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní oríkì láti ilé, fídíò ìsìnkú bàbá wa, gbogbo rẹ̀ ti kó sínú ohun kan ṣoṣo tí a ń kì bọ àpò. Ohun kan náà yìí lè bọ́ sómi. Ó lè jábọ́ nínú Adaidaita Sahu. Olè sì lè fà á yọ lọ́jà. Obìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n jí fóònù rẹ̀. Kò dárò owó fóònù náà púpọ̀. Ohun tó ń bi mí ni bóyá ọ̀nà kan wà tí ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú fi lè padà wá. Kò sí ọ̀nà náà, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí ohùn yẹn wà.

Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mú nǹkan mìíràn lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí lọ: ohun tó bá wà níbi kan ṣoṣo, a kò tíì tọ́jú rẹ̀.

1. BÍ A ṢE DÉ IBI TÍ A WÀ

Ìlú àwọn àlejò ni Sabon Gari láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Hausa ni "ìlú tuntun". Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kano ní 1911 ni àwọn èèyàn gúúsù ń wọ̀ ọ́ wá, àwọn Yorùbá wa nínú wọn, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti jìn láàárín àwa àti ilé, fọ́tò àti lẹ́tà ló sì ń bá wa rin ọ̀nà náà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ní ti orin àti fíìmù, Kano gbajúmọ̀ fún dída kásẹ́ẹ̀tì kọ. Ọjà Kofar Wambai ni àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni fíìmù Hausa sì ti ń tàn ká gbogbo àríwá.

GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Àwọn fóònù ìgbà náà kò ju ká pe ara wa lọ. Nígbà tó yá, fóònù tó ní kámẹ́rà, Bluetooth àti mẹ́mòrì káàdì dé, Beirut Road àti Farm Centre sì di ọjà fóònù ńlá ní Kano. Àwọn ọ̀dọ́ gbé kọ̀ǹpútà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń gba káàdì lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n ń fi orin àti fíìmù kún un. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, náà ń gbọ́ orin tuntun.

Ẹ má fojú kéré ọ̀nà yìí. Olórin Niger kan wà tó ń jẹ́ Mdou Moctar. Ìlú Sokoto ló ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní 2008. Mẹ́mòrì káàdì àti Bluetooth ló gbé orin náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ káàkiri aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní 2011, ilé iṣẹ́ Sahel Sounds ti Amẹ́ríkà gbé àwo kan jáde tí wọ́n fi orin inú fóònù àwọn ará aṣálẹ̀ ṣe, orin tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lónìí, ó ti kọrin dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

2. BÍ ORIN ÀTI FỌ́TÒ ṢE TÓBI TÓ

Kí a tó di ẹrù, ó yẹ ká mọ ìwọ̀n rẹ̀. Orin inú CD máa ń gba nǹkan bíi 10 MB fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Fraunhofer ní Erlangen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe ọ̀nà tí a fi ń fún orin pọ̀. Wọ́n ń yọ ohun tí etí èèyàn kò lè gbọ́ kúrò nínú rẹ̀. Òun ni a ń pè ní MP3, orúkọ tí wọ́n mú fún un ní 1995. Pẹ̀lú MP3, ìṣẹ́jú kan lè má ju 1 MB lọ. Orin jùjú tó gba ojú kan àwo, tó tó ogún ìṣẹ́jú, yóò jẹ́ nǹkan bíi 20 MB. Fọ́tò tí fóònù òde òní yà máa ń tó 3 MB sí 5 MB. Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún fọ́tò yóò gba nǹkan bíi 4 GB. Fídíò ló ń jẹ àyè jù. Bí fóònù yín bá ń sọ pé àyè ti kún, fídíò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

3. COPY ÀTI CUT KÌ Í ṢE OHUN KAN NÁÀ

Bí a bá ní Copy, à ń ṣe ẹ̀dà. Ti àkọ́kọ́ wà níbi tó wà, èkejì sì dé ibi tuntun. Bí a bá ní Cut tàbí Move, à ń kó ẹrù kúrò pátápátá ni. Bí iná bá lọ, tàbí tí okùn bá yọ nígbà tí Cut ń lọ lọ́wọ́, ẹrù lè ṣòfò lójú ọ̀nà. Àwa tí a ń gbé ní ìlú tí iná kò ṣeé gbójú lé, Copy ni kí a máa lò nígbà gbogbo. Bó bá ti parí, ẹ ṣí fọ́tò mẹ́ta mẹ́rin wò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fetí sí orin kan tàbí méjì, kí ẹ sì ka iye tó wà níhà méjèèjì. Ìgbà tó bá pé ni kí ẹ tó pa ti inú fóònù rẹ́.

4. ÀWỌN Ọ̀NÀ TÍ A LÈ GBÀ

(a) Okùn USB. Ọ̀nà yìí ló yá jù, òun ló sì dáa jù fún ẹrù púpọ̀. Ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ojú fóònù kí ó má wà ní títì. Ẹ fi ìka fa ojú rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan nípa USB. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan File transfer. Bí ẹ kò bá yàn án, iná nìkan ni fóònù yóò máa gbà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí This PC, ẹ ó rí orúkọ fóònù yín. Inú fódà DCIM ni fọ́tò kámẹ́rà máa ń wà, orin sì máa ń wà nínú Music tàbí Download. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fóònù rárá, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn. Àwọn okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé wáyà iná nìkan ló wà nínú wọn, wọn kò lè gbé nǹkan mìíràn.

(b) Mẹ́mòrì káàdì. Ẹ pa fóònù, ẹ yọ káàdì, ẹ fi sínú ohun tí a fi ń ka káàdì, ẹ wá kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ó rọrùn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Láti 2015 ni àwọn fóònù Android kan ti máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ sọ káàdì di ara fóònù fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, fóònù yóò ti káàdì náà pa fún ara rẹ̀ nìkan. Kọ̀ǹpútà kò ní lè kà á, fóònù mìíràn kò sì ní lè kà á. Bí fóònù náà bá bàjẹ́, ohun inú káàdì bá a lọ nìyẹn.

(d) Bluetooth. Kò gba okùn, kò gba dátà, ó sì dára fún orin kan tàbí fọ́tò méjì láàárín èèyàn méjì tó jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ fi Bluetooth gbé 2 GB, ó lè gbà ju wákàtí méjì lọ, nígbà tí okùn yóò ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. iPhone kì í sì fi Bluetooth gbé fáìlì fún fóònù ilé iṣẹ́ mìíràn.

(e) Wi-Fi láìlo dátà. Xender àti Quick Share wà lára àwọn ohun tó ń ṣe èyí. Fóònù méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì yá ju Bluetooth lọ fíìfíì. Quick Share wà fún kọ̀ǹpútà Windows náà.

(ẹ) iPhone. Bí ẹ bá fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, yóò béèrè bóyá ẹ fọkàn tán kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ bá tẹ Trust, ẹ lè kó fọ́tò bó ṣe yẹ. Orin ló le díẹ̀, nítorí pé ẹ kò lè kàn kó MP3 jù sínú fódà bíi ti Android. Ẹ ó lo iTunes tàbí Apple Devices lórí Windows, tàbí Finder lórí kọ̀ǹpútà Mac.

(f) WhatsApp. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bí fọ́tò bá ti wà lórí WhatsApp, a ti tọ́jú rẹ̀. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, nítorí náà ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kò mọ́ tó ti àkọ́kọ́. Ẹ ó rí i bí ẹ bá gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ fọ́tò ńlá fún ìsìnkú tàbí ọjọ́ ìbí. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document.

5. OHUN TÓ MÁA Ń BA IṢẸ́ JẸ́

Ayédèrú káàdì pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 64 GB sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 8 GB péré ló lè gbà. Kò ní sọ pé òun ti kún. Yóò máa gba ẹrù lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ṣí fọ́tò, òfìfo tàbí ìdajì àwòrán ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá ra káàdì tàbí fúláàṣì tuntun, ẹ ní kí wọ́n fi H2testw dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ iye tó jẹ́ lóòótọ́.

Fáírọ́ọ̀sì tún wà. Ẹ̀yin náà ti lè rí fúláàṣì tí gbogbo fódà inú rẹ̀ di shortcut. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù yín ṣì wà níbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà ló fi wọ́n pamọ́. Ẹ má tẹ̀ wọ́n, ẹ má sì sáré pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́ lórí káàdì, ẹ yọ káàdì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ya fọ́tò mìíràn sí i. Ohun tí a pa rẹ́ kì í kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tuntun tó bá gorí rẹ̀ ló ń pa á run. Irinṣẹ́ bíi PhotoRec àti Recuva lè bá yín wá a jáde.

6. ORIN OLÓRIN, ÀṢÍRÍ ẸNI

Orin tí à ń gbé láti fóònù dé fóònù, ẹnì kan ló kọ ọ́, ó sì ná owó sí i. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí wọ́n pè ní Copyright Act 2022, ẹnikẹ́ni tó bá ń da orin olórin kọ tà láìgbàṣẹ ń rúfin. Orin tí ẹ sì gbà sílẹ̀ lórí Boomplay tàbí Spotify fún gbígbọ́ nìkan, ẹ kò lè fi okùn kó o jáde bíi MP3. Ẹ má bínú sí oníkọ̀ǹpútà bó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Èkejì wúwo jù ú lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, fídíò ìkọ̀kọ̀ òṣèrébìnrin Kannywood kan, tí wọ́n fi fóònù yà, bọ́ sóde. Láti fóònù dé fóònù ló ń lọ, kò sì pẹ́ tí Kano fi kún fún ariwo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé iṣẹ́ fíìmù dúró ní ìpínlẹ̀ Kano fún oṣù mélòó kan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí ayé rí, ẹ má yà á sórí fóònù. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbé fóònù lọ fún alátùnṣe, ẹ yọ káàdì inú rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá ń kó fọ́tò yín, ẹ jókòó tì wọ́n títí yóò fi parí, kí ẹ sì rí i pé wọ́n pa ẹ̀dà tó kù lórí kọ̀ǹpútà wọn rẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí yín.

7. KÁSẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI FỌ́TÒ ÀTIJỌ́

Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sí. Téèpù inú rẹ̀ ń gbó lọ́dọọdún. Ẹ wá rédíò tó ṣì ń kọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ fi okùn bọ ibi tí a ń fi gbohùngbohùn etí sí, kí ẹ so ìkejì mọ́ ibi tí ohùn ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, ẹ wá lo Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bó bá ṣe ń kọ ni yóò ṣe máa gbà á sílẹ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 yóò gba wákàtí kan gbáko. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan nínú ilé jókòó tì í. Yóò gbọ́ ohùn bàbá-bàbá rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é.

Fọ́tò oníwèé ńkọ́? Ẹ̀rọ tí a fi ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà ló dára jù. Bí kò bá sí, ẹ gbé fọ́tò náà sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán, níbi tí oòrùn kò ti ràn sí i tààrà, ẹ pa iná fóònù, kí ẹ yà á láti òkè gbọnrangandan.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò. Fáìlì tó ń jẹ́ IMG_0042 kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á àti ọdún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa.

8. OHUN TÍ ÌDÍLÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, iná jó ọjà Sabon Gari, ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 3,000 ló bá a lọ. Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó jó, tí kò sì sí nílé, kò ṣeé rí mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń gba àwọn ìdílé nímọ̀ràn pé kí ohun tó ṣe pàtàkì wà níbi mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín. Èkejì ni fúláàṣì tàbí háàdì dísíkì tí ẹ kò ní máa fi ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé yín. Ẹ lè fún àbúrò yín tó wà ní Ogbomọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn ní ẹ̀dà kan nígbà tí ẹ bá lọ ọdún nílé, tàbí kí ẹ fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà orí Gmail yín náà wà nínú iye yẹn, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 sì ni fọ́tò tí ẹ bá ń gbé síbẹ̀ ti ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ yan èyí tó ṣe pàtàkì.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é, kí ẹ̀yin òbí máa sọ ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, tí kì í délé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ibẹ̀ ni yóò ti mọ ojú àwọn tó bí i, tí yóò sì gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Bí ibì kan kò bá yé yín nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ má tijú. Ẹ gbé fóònù àti okùn yín dání wá sí ìpàdé, a ó jọ wò ó.